Etí Ife Omi

Adégbénga ti nu ìjókòó mẹ́ta kí ó tó jókòó sórí ìkẹrin. Ní pápákọ̀ òfurufú Omagwa, ní Port Harcourt, ni wọ́n wà, àpótí wọn kò tíì jáde, ọkùnrin náà sì ti lo ìdajì wáìpù tó kó wá láti Accra. Ó nu ìjókòó, ó nu ọwọ́ àpò, ó nu ìka ọwọ́ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan bí ẹni tó fọwọ́ kan òkú. Títílayọ̀ ìyàwó rẹ̀ dúró gbagidi, kò jókòó rárá. Ìjókòó kò ṣe é ní nǹkan kan. Ọkọ rẹ̀ ló ń rí i lára.

Ká má purọ́, kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti fẹ́ra, mẹ́ta nínú rẹ̀ ni wọ́n sì ti lò ní Accra, níbi tí báńkì Gbénga gbé e lọ. Àwọn tọkọtaya bíi tiwọn níbẹ̀ a máa fò lọ sí Lomé tàbí Abidjan ní ìparí ọ̀sẹ̀, wọn a sùn ní òtẹ́ẹ̀lì, wọn a ya fọ́tò jẹ̀lẹ́ńkẹ́, wọn a padà síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó kan tiwọn, Títílayọ̀ ní Port Harcourt ni kí àwọn lọ. Ó ní òtẹ́ẹ̀lì tó dáa wà ní GRA, ó ní bọ̀ọ̀lì àti ẹja ibẹ̀ kò lẹ́gbẹ́, ó ní ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ gan-an ló wà nídìí ọ̀rọ̀.

Ibinabo ni orúkọ ìyá náà, ọmọ Kalabari, opó Adébíyìí ará Ìjẹ̀bú. Òun nìkan ló ń dá gbé ní Elekahia nínú Port Harcourt, ó sì ti ń wúkọ́ láti ọdún tó kọjá. Kì í ṣe ikọ́ tó ń ranni, dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Màjàlà ni, èyí tó ń já bọ́ láti òkè lójoojúmọ́ látàrí epo rọ̀bì tí wọ́n ń sè nínú igbó, tí gbogbo ará ìlú ń pè ní sọ́ọ̀tù. Ó ń bà lórí aṣọ, ó ń bà lórí ibùsùn, èèyàn á fun imú, á rí i pé dúdú ló jáde. Dókítà ní bí ìyá bá fẹ́ kí àyà òun sinmi, kí ó fi ìlú náà sílẹ̀.

Yàrá kan ṣófo nínú ilé tọkọtaya yìí ní Accra. Títílayọ̀ bẹ Gbénga títí, èsì kan náà ló ń rí gbà: "Ká kọ́kọ́ lọ wo Mummy ná." Bí ẹni tó fẹ́ lọ ra ewúrẹ́! Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì, ó fi ìgbádùn bo ìrìn àjò lójú, ó sì ra tíkẹ́ẹ̀tì ìyá rẹ̀ pa mọ́ sínú báàgì. Bí Gbénga bá wo Mummy tán tó sì gbà, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò jọ wọ bàálù lọ́jọ́ Àìkú. Bí kò bá gbà, a jẹ́ pé inú màjàlà ni ìyá rẹ̀ yóò wúkọ́ kú sí.

Òtẹ́ẹ̀lì dára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bọ́ bàtà, Gbénga ti fa ìka lójú fèrèsé, ìka ti dúdú. Ó gbé e sókè, ó yà á ní fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí wasáàpù: "Ẹ wo ìlú àna mi." Ẹ̀rín wọn kò jẹ́ kí fóònù sinmi lórí ibùsùn. Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n ra bọ̀ọ̀lì àti ẹja lọ́wọ́ obìnrin kan lẹ́bàá títì. Gbénga ya tirẹ̀ ní fọ́tò, ó dì í padà sínú bébà, nígbà tó sì rò pé ojú ìyàwó òun kúrò lára òun, ó jù ú sínú gọ́tà. Títílayọ̀ rí i. Odidi ẹja! Itọ́ kíkan kún un lẹ́nu. Ọkùnrin tó ń gé èékánná ẹsẹ̀ lórí tábìlì oúnjẹ ní Accra, òun ló wá di wolé-wolé fún odidi ìlú!

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n lọ sí Elekahia. Ìyá ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kí mọ́tò tó dúró. Ó ti gbẹ, egungun èjìká rẹ̀ hàn lábẹ́ búláòsì, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín débi pé gbogbo eyín hàn.

"Títí! You don come! Ẹ káàbọ̀ o! Àna mi, welcome, welcome!"

Àsìkò ìdọ̀bálẹ̀ tó. Funfun balau ni aṣọ tí Gbénga wọ̀. Ó wo ilẹ̀, ó wo ṣòkòtò ara rẹ̀, ó tẹ̀ díẹ̀, ó fi ìka kan orúnkún, ó tún nàró. Ojú ti Títílayọ̀ gbà á tì.

"Leave am, my son," ni ìyá wí. "Ilẹ̀ ò mọ́. Láti àárọ̀ ni mo ti ń nù ún, sọ́ọ̀tù yìí ò lójútì. O nù ún tán, ó tún ti bà."

Ó wọlé lọ, ó fi tíréè gbé ife omi méjì wá, ó fi sọ́sà dé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ilé yìí, onílé kì í gbé omi fún àlejò láìkọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí àlejò lè mọ̀ pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Olóògbé Adébíyìí ló kọ́ ìyàwó rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Port Harcourt ti gbàgbé àṣà náà pátá, àfi obìnrin Kalabari yìí tí kò jẹ́ kí ó ṣubú. Ó ṣí ife kìíní, ó fẹnu kàn án, ó nà án sí àna rẹ̀.

Gbénga gbé ike omi tirẹ̀ sókè. "Ẹ ṣé mà, Mummy. Mo ní omi lọ́wọ́."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó gbé e padà sórí tíréè. Ara Títílayọ̀ gbóná fòò. Kí ọkọ rẹ̀ tó pa ẹnu dé, òun ti na ọwọ́ sí ife kejì. Ìyá tọ́ ọ wò, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wúkọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́, ó wá gbé e fún un. Títílayọ̀ gbà á, ó yí i, ó fi àtàǹpàkò nu etí rẹ̀, ó sì mu ún tán láìmí, ojú rẹ̀ kò kúrò lára Gbénga, kí ó lè rí bí ọmọ gidi ṣe ń mu omi nílé ìyá rẹ̀. Ó gbé ife tó ti gbẹ fún ìyá rẹ̀ bí ẹni gba ife ẹ̀yẹ. Ìyá gbà á, ó wò ó díẹ̀, ó gbé e wọlé.

Oúnjẹ dé. Ọbẹ̀ àwọn ará odò ni, ẹja gbígbẹ àti ìṣáwùrú ló kún inú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní isam níbẹ̀. Pẹ̀lú ìkarahun rẹ̀ ni wọ́n ń sè é. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n jẹ á gbé e sẹ́nu, á fà á pẹ́ẹ́, ẹran á bọ́ sẹ́nu, ariwo rẹ̀ sì wà lára adùn rẹ̀. Ìyá ti rò ó pé àna òun lè má mọ̀ ọ́n fà. Ó mú abẹ́rẹ́ tó ti bọ̀ nínú omi gbígbóná, ó ń yọ wọ́n fún un níkọ̀ọ̀kan sínú àwo kékeré kan. Ó ń fi sùúrù ṣe é.

Gbénga wo àwo náà, ó yínmú. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, dókítà ní kí n má jẹ nǹkan inú omi."

Irọ́ ńlá! Oṣù tó kọjá ló jẹ edé etí òkun Accra títí tó ń lá ìka. Títílayọ̀ ń fa ìṣáwùrú tirẹ̀ pẹ̀lú ariwo tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó ń fi í bú ọkọ rẹ̀. Àárín èyí ni ikọ́ gbé ìyá. Ó wú u, ó wú u, ó di etí tábìlì mú, omi bọ́ lójú rẹ̀. Gbénga fa áńkáṣíìfù yọ, ó fi bo imú, ó sì ti àga rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ àga náà ké lórí ilẹ̀, kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ. Nígbà tí ikọ́ rọlẹ̀, ìyá ní òun ń lọ wo nǹkan ní kíṣìnnì.

Títílayọ̀ dìde, ó fi ojú pe ọkọ rẹ̀ síta. Ẹ̀bá mọ́tò ni wọ́n dúró sí.

"Gbénga, o ń kó mi nírìíra." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. "Bí mo ṣe ń wò ọ́ yìí, ó ń ṣe mí bíi kí n bì. Ìyá mi lò ń bo imú sí? Ìyá mi! Ẹni tó fi abẹ́rẹ́ yọ oúnjẹ fún ọ bí ọmọ ọwọ́! Ṣé ẹ̀gbin ni wọ́n lójú tìẹ ni?"

Gbénga wo ilẹ̀. Ó mú wáìpù jáde lápò, ó rí ojú ìyàwó rẹ̀, ó dá a padà.

"Má bínú," ló wí níkẹyìn. "Ó dáa. Kí Mummy máa bá wa lọ. Ṣùgbọ́n ife wọn àti abọ́ wọn á dá yàtọ̀ o, Títí. Ìyẹn nìkan ni mo bẹ̀."

"Kò burú," ni Títílayọ̀ wí. Kíá ló sọ ọ́, kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kí ni ife, kí ni abọ́, nígbà tí ìyá òun fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ikú? Ó sáré wọlé, inú rẹ̀ ń dùn, ó ní kí Gbénga jókòó sínú mọ́tò, òun ń bọ̀.

Ìyá rẹ̀ kò sí ní kíṣìnnì. Yàrá ló ti bá a, lórí ibùsùn, báàgì ńlá alápótí-àpótí pupa àti búlúù tí wọ́n ń pè ní Ghana-must-go wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti di aṣọ sínú rẹ̀, tó ń fi yẹ̀yẹ́ sọ lórí fóònù pé báàgì náà ń padà sílé rẹ̀ ní Ghana. Ṣùgbọ́n kì í ṣe dídì ló ń dì í báyìí. Ó ń kó aṣọ jáde, ó ń kó wọn padà sí kọ́bọ́ọ̀dù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

"Mummy, Gbénga ti gbà! Ọ̀la la jọ ń lọ. Kí lẹ̀ ń ṣe yìí?"

"I no dey go again."

"Nítorí Gbénga? Mo ti bá a wí. Ojú tì í gan-an."

"Gbénga ṣe kí ni?" Ìyá gbọn ìró kan, ó tún un ká. "That one na stranger. Àlejò lè kọ omi. Ó kọ̀ ọ́ lójú mi, ó ní òun ò mu, e no hide am. Mi ò bínú sí i. Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi bíi báwo? Mo mu tèmi tán!"

"You clean am first."

Àtàǹpàkò Títílayọ̀ ló kọ́kọ́ rántí, kí orí rẹ̀ tó rántí.

"Sọ́ọ̀tù ni mo nù, Mummy."

"Sọ́ọ̀tù no dey. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fọ ife yẹn, mo fi sọ́sà dé e títí o fi dé. Ibi tí mo fẹnu kàn lo nù, Títí. Ibẹ̀ nìkan. I dey look you." Kò pariwo. Ohùn tí a fi ń bá ọmọ tó ń ṣàìsàn sọ̀rọ̀ ni. "Nígbà tí o ò tíì léyín, tí o ò lè fa isam, ẹnu yìí ni mo fi ń fà á, màá rún un, màá fi sí ẹ lẹ́nu. You go cry make I put another one."

Títílayọ̀ kúnlẹ̀ sórí màjàlà, kò wo ilẹ̀. "Ẹ má bínú, Mummy. Ẹ jọ̀ọ́. Mi ò mọ ìgbà tí mo ṣe é."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀. Na that one pain me pass."

Ó gbé ọwọ́ lé ọmọ rẹ̀ lórí, ó tún gbé e kúrò. Ó ní sọ́ọ̀tù yìí kì í ṣe ọmọ òun, bó bá ba ara òun jẹ́, kò lè dun òun dé ọkàn. Ṣùgbọ́n kí òun máa gbé ní Accra, kí òun máa wo ọmọ òun láràárọ̀ pé ó ń nu ibi tí òun kàn, òun kò lè ṣe é.

Gbénga fọn fèrè mọ́tò níta. Títílayọ̀ kò dìde. Ó na ọwọ́ sínú báàgì rẹ̀ láti mú tíkẹ́ẹ̀tì jáde, ó fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Kí ló kù tí yóò sọ? Gbogbo ìríra tó ti ń kó jọ sórí ọkọ rẹ̀ láti Omagwa ti yí padà, ó ti jókòó lé òun náà láyà, ó sì wúwo.

Ìyá dìde. "Oòrùn mú. Má fi ọ̀fun gbígbẹ kúrò nílé mi." Ó bọ́ sí kíṣìnnì, ó gbé ife omi kan bọ̀. Ó ṣí sọ́sà kúrò lórí rẹ̀. Títílayọ̀ ń retí kí ó gbé e sẹ́nu, bó ti ń ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ìyá kò gbé e sẹ́nu. Ọwọ́ méjèèjì ló fi nà án sí i, bí a ti í ṣe fún àlejò tí a kò mọ̀ rí.

"Gbà, mu," ló wí. "Mi ò fẹnu kàn án."

Títílayọ̀ gba ife náà. Ó yí i yíká, kò mọ ibi tí yóò gbé ẹnu sí.