Kọ̀ǹpútà Ìyá Aránṣọ

Ẹ sún mọ́ mi, kí ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà wọlé wá jókòó.

Inú kọ̀ǹpútà Ìyá Aránṣọ ni orin tó kọ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà. Ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà ti gbó, ó sì kọ̀ jálẹ̀ láti gba tuntun. Ó ní àṣìṣe wà lórí díìsìkì òun.

Ọmọbìnrin rẹ̀ ní, "Ẹ jẹ́ ká nu gbogbo ẹ̀ kúrò, ká tún un bẹ̀rẹ̀."

"Kó o nu orin mi? Ẹnu ẹ ni kó o kọ́kọ́ nù."

Ọkọ ọmọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó ṣe àdàkọ àwọn orin náà sórí díìsìkì mìíràn, ó wá ní kí kọ̀ǹpútà yẹ ara rẹ̀ wò, kó tún ibi tó bàjẹ́ ṣe.

"Màmá, báwo lẹ ṣe máa ń pa á?"

"Mo máa ń fa wáyà ẹ̀ yọ lára ògiri ni, bíi ti áyọ́ọ̀nù. Ṣé kò yẹ kó sinmi ni?"

"Màmá mi, ẹ̀ ń já oúnjẹ gbà lẹ́nu ẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti wọlé."

Ìyá fọwọ́ bo ẹnu. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń kọrin sí i bí ẹni ń rẹ ọmọ:

"Rọra ṣe é, ọ̀rẹ́ mi,
Kò sẹ́ni tó ń lé ọ."

Nígbà tó tún ara rẹ̀ ṣe tán, ètò tuntun wọlé wẹ́rẹ́, orin kan ò sì sọnù. Ìyá tẹ ibi tí wọ́n fi hàn án, ó pa á láì fọwọ́ kan wáyà. Ló bá bu ìrẹsì fún wọn. Wọ́n jẹ, wọ́n yó, oníkálukú gba ilé lọ tòun ti orin lẹ́nu.