Ìyá Tó Wà Lẹ́yìn Dígí

“Tún,” ni ọmọ náà wí.

Ọ̀rọ̀ náà kéré, ó sì ṣe kedere. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin tó jókòó sẹ́yìn dígí ló gbọ́ ọ. Dígí náà jẹ́ kí wọ́n máa rí ohun tó ń lọ nínú yàrá ìtọ́jú, láìjẹ́ pé àwọn tó wà nínú yàrá ń rí wọn. Níbẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ti ń sún mọ́ ọdún mẹ́rin, tí kò sọ ọ̀rọ̀ kan rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, na ìka sí ìgò ọṣẹ tí olùtọ́jú rẹ̀ fi ń fẹ́ ìhó sókè. Ó tún wí lẹ́ẹ̀kejì pé, “Tún.”

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pàtẹ́wọ́. Ọ̀kan nínú wọn gbá ìyá ọmọ náà mọ́ra, nítorí ìyá ọmọ náà wà láàárín wọn, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwọn ni. Òun náà pàtẹ́wọ́. Ó rín irú ẹ̀rín tó yẹ kí ìyá rín. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ti dì í láyà bí ìgbà tí èèyàn gbé òkúta mì, ó sì mọ orúkọ nǹkan náà dáadáa. Kò kàn fẹ́ pè é ni.

Tíṣà ni wọ́n ń pè é ní kíláàsì, nítorí ọdún mẹ́sàn-án ló fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kó tó padà sí yunifásítì láti gba oyè kejì nínú iṣẹ́ àtúnṣe ọ̀rọ̀ sísọ. Ọmọ yìí ló sọ ọ́ di akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tó pé ọdún méjì àbọ̀, tí kò pe ìyá, tí kò pe bàbá, wọ́n gbé e lọ bá àwọn dókítà. Wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò, etí mú bíi ti ológbò. Wọ́n ní kí wọ́n lọ wá àwọn tó ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti sọ̀rọ̀. Àwọn yẹn kò pọ̀, orúkọ àwọn tó ń dúró dè wọ́n sì kún ìwé. Ni Tíṣà bá ní kí ló dé, òun á kọ́ iṣẹ́ náà fúnra òun. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ọkọ rẹ̀ tó ń tún fíríìjì ṣe sì gbé ẹrù ilé karí.

Ó kàwé bí ẹni tí iná ń lé. Òun ló ń gba ipò kìíní. Àmọ́ òfin ilé ìtọ́jú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tọ́jú ẹbí ara rẹ̀. “Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀,” ni obìnrin tó ń bójú tó wọn, tí gbogbo wọn ń pè ní Ọ̀gá, wí lọ́jọ́ tí wọ́n gba ọmọ náà wọlé. Ó sì fà á lé Kékeré lọ́wọ́.

Kékeré ló kéré jù ní kíláàsì. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, kò lọ́kọ, kò bímọ, ibi tó bá jókòó sí náà ló ń gbàgbé ìwé sí. Oṣù mọ́kànlá ni Tíṣà ti fi ń na káàdì aláwòrán sí ọmọ rẹ̀ lójú nílé, láàárọ̀, ní ìrọ̀lẹ́. Kékeré lo ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ péré kí ọmọ náà tó sọ pé “Tún.”

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ gbọ́, ó gbé ọmọ sókè, ó ń jó. Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó pe oníbàárà kan tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ fíríìjì lòun ń retí. Lẹ́yìn náà ló ní ó yẹ kí wọ́n pe Kékeré wá jẹun, kí òun fojú rí ọmọ tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

“Iṣẹ́ wo?” ni Tíṣà bi í. “Ìgò ọṣẹ ló gbé dání. Ta ni kò lè gbé ìgò ọṣẹ dání?”

Ọkọ rẹ̀ wò ó. “Mo rò pé inú ẹ á dùn ni.”

“Inú mi dùn.”

“Inú dídùn yìí mà le lójú o,” ni ọkọ rẹ̀ wí, ó sì gbé ọmọ rẹ̀ jáde síta.

Lọ́jọ́ kejì, Tíṣà ra ìgò ọṣẹ tó tóbi ju ti Kékeré lọ. Ó jókòó síwájú ọmọ rẹ̀, ó fẹ́ ọṣẹ títí ìhó fi kún pálọ̀. “Sọ pé tún. Tún. Ó yá, kí lo sọ fún àǹtí? Sọ ọ́ fún Màmá.” Ọmọ náà wo ìhó, ó wo ẹnu ìyá rẹ̀, ó kọjú sí ògiri. Òjòwú kò lẹ́ran láyà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi lára Tíṣà.

Nígbà tí sáà ń parí lọ, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní láti fún ẹni tó ti ń wò níbi iṣẹ́ ní máàkì. Máàkì yìí wà lára ohun tí ìgbìmọ̀ máa wò kí wọ́n tó yan ẹnì kan ṣoṣo tó máa lo ọdún ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé. Gbogbo kíláàsì mọ̀ pé Tíṣà àti Kékeré ni ọ̀rọ̀ náà kù sí láàárín. Fọ́ọ̀mù Kékeré ló sì bọ́ sọ́wọ́ Tíṣà. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé olùtọ́jú yìí kì í sọ̀rọ̀ tó, pé ṣe ló máa ń fi ọmọ sílẹ̀ nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́, pé kì í múra sílẹ̀. Ó fún un ní mẹ́rin nínú mẹ́wàá.

Lẹ́yìn ìyẹn ló lọ bá Ọ̀gá, ó ní òun fẹ́ yọ ọmọ òun kúrò, pé ọ̀nà jìn, ó ń rẹ ọmọ náà. Irọ́ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni, nítorí òun fúnra rẹ̀ ń gba ọ̀nà náà lójoojúmọ́.

Ọ̀gá ti lo ọgbọ̀n ọdún nídìí iṣẹ́ yìí, kì í pariwo. Ó ní kí Tíṣà jókòó, ó ṣí kọ̀ǹpútà. Fídíò méjì ló gbé jáde. Àkọ́kọ́ ni èyí tí ọkọ Tíṣà fi fóònù yà nílé kí wọ́n tó gba ọmọ náà wọlé, tí Tíṣà ti ń fi káàdì han ọmọ. Èkejì ni ti Kékeré.

“Máa ka ìṣẹ́jú àáyá,” ni Ọ̀gá wí. “Láti ìgbà tí ìbéèrè bá jáde lẹ́nu yín títí di ìgbà tí ẹ bá tún sọ̀rọ̀.”

Tíṣà kà. Nínú tirẹ̀: ọ̀kan. Ọ̀kan. Ọ̀kan àbọ̀. Nínú ti Kékeré, ó ka mọ́kànlá kí ọmọ náà tó la ẹnu. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó kọ sínú fọ́ọ̀mù nìyẹn.

Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí òun tún wo tòun. Lórí káàdì bọ́ọ̀lù, ó rí i. Ètè ọmọ náà ti pàdé, ó ti fún pọ̀, ó kù kí ọ̀rọ̀ jáde. Ohùn òun fúnra rẹ̀ ló gba inú fídíò kan: “Bọ́ọ̀lù! Sọ pé bọ́ọ̀lù!” Ètè náà tú. Ó dá fídíò padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ọmọ rẹ̀.

“Ìwọ kọ́ lo fà á tí kò fi sọ̀rọ̀,” ni Ọ̀gá wí. “Má gbé ìyẹn lọ sílé. Ọmọ yìí máa ń pẹ́ kó tó rí ọ̀rọ̀ mú, ìwọ sì ń kánjú. Tó bá jẹ́ pé ọ̀nà ló jìn lóòótọ́, màá fọwọ́ sí i lọ́la pé kí ọmọ náà lọ.”

Tíṣà bá Kékeré ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kékeré kúnlẹ̀ kí i, ó sì béèrè pẹ̀lẹ́ pé, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ fẹ́ mú un lọ. Ṣé mo ṣe nǹkan tí kò dáa ni?”

Tíṣà bi í pé ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró de ọmọ báyẹn. Kékeré rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni.

“Ẹ̀yin náà ni. Lọ́jọ́ tí ẹ ṣàlàyé fún kíláàsì nípa ọmọ tó máa ń pẹ́ dáhùn, ẹ ní ká máa kà nínú ọkàn wa. Ẹ̀rù máa ń bà mí tí mo bá wọ yàrá yẹn, ẹ̀gbọ́n. Mi ò kì í rí nǹkan sọ. Kíkà yẹn ni mo dì mú.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ì bá tu èèyàn nínú. Ṣùgbọ́n owú tún ru sókè nínú Tíṣà, ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òun ló ni ọgbọ́n, òun ló ni ọmọ, ẹlòmíràn ló wá kórè. Ó wo ojú Kékeré, kò rí ọ̀tá kankan níbẹ̀, ọmọ tó ń bẹ̀rù pé òun ti ṣẹ̀ ló rí. Ó yí padà, ó wọ ọ́fíìsì Ọ̀gá, kò jókòó.

“Mà, irọ́ ni fọ́ọ̀mù tí mo kọ nípa Kékeré. Owú ni mo fi kọ ọ́.”

Ọ̀gá ṣàlàyé pé fọ́ọ̀mù náà ti dé iwájú ìgbìmọ̀, pé lẹ́tà tí Tíṣà bá fọwọ́ sí nìkan ló lè yí i padà, àti pé lẹ́tà náà yóò wọ inú fáìlì Tíṣà fúnra rẹ̀, níbi tí àwọn tó ń yan èèyàn yóò ti kà á. Tíṣà ní òun mọ̀. Ó tọrọ bíró.

Kékeré ni wọ́n yàn. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbà tí rọpárọsẹ̀ gba ohùn lẹ́nu wọn ni wọ́n fi Tíṣà sí. Kó tó di ìgbà yẹn, Tíṣà fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ sọ́wọ́ Kékeré, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun máa jókòó tì í lórí ẹní nínú yàrá ìtọ́jú. Kékeré gbà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n fún ọmọ náà ní agolo kan tí ìdérí rẹ̀ le, tí nǹkan ìṣeré wà nínú rẹ̀. Ó fà á, kò ṣí. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo Kékeré, ó sì na agolo sí Kékeré. “Ṣí i,” ló wí.

Ó dun Tíṣà dé eegun. Ó jẹ́ kó dun òun.

Kékeré ṣí agolo, ó mú ẹṣin kékeré kan jáde, ó tún dé e padà. Ó ti agolo náà lọ síwájú Tíṣà. Ọmọ náà tẹ̀ lé agolo pẹ̀lú ojú, ó sì gbé ojú sókè wo ìyá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kún Tíṣà lẹ́nu. Ó pa ẹnu dé, ó gbé ọwọ́ lé itan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà nínú ọkàn rẹ̀: ení, èjì, ẹ̀ta. Ó ka dé ẹ̀wá, ọ̀rọ̀ kò tíì jáde lẹ́nu ọmọ náà. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení.