Ẹni Kejì Tó Máa Fọwọ́ Sí I

Ìka obìnrin tó ń yẹ kóòdù wò ti wà lórí bọ́tìnì tó máa fi fọwọ́ sí i kí ojú rẹ̀ tó kan ìlà kejìdínlógóje. Ó fa ìka náà sẹ́yìn bí ẹni tó fọwọ́ kan iná.

Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Tó bá fi máa di aago méjìlá, àtúnṣe kóòdù náà, àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, gbọ́dọ̀ ti wọlé, nítorí ilé ìwòsàn tó gbé iṣẹ́ fún wọn ń retí rẹ̀. Òfin ilé iṣẹ́ wọn sì ni pé ẹni méjì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ẹni àkọ́kọ́ ni ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Kíámọ́sá. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ló lò. Ta ní ń ka igba ìlà kóòdù ní ìṣẹ́jú mẹ́ta? Ó rí orúkọ Bàbá Wáyà, tó kọ ọ́, lókè rẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Bàbá Wáyà ló kọ́ gbogbo wọn níṣẹ́, láti ayé ìgbà tí wọ́n ń fa wáyà gba orí àjà. Lóṣù tó kọjá, ọ̀gá sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé bí iṣẹ́ yìí bá wọlé lásìkò, Bàbá á ṣì máa bá wọn ṣe é lọ. Bí kò bá wọlé, kí Bàbá lọ sinmi nílé. Ọ̀rọ̀ náà dun obìnrin ayẹ̀wò yìí wọra. Bàbá nìkan ló gbà á síṣẹ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí kóòdù náà ń ṣe kò ṣòro láti sọ. Inú kọ̀ǹpútà ńlá kan ni àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké tí kò ṣe é fojú rí wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ẹ̀ka ilé ìwòsàn kan. Tẹ́lẹ̀, kóòdù fúnra rẹ̀ ló ń da àpò dátà kọ láti inú ọ̀kan sínú èkejì. Bàbá ní kó gbé wàhálà yẹn fún ẹ̀rọ adàkọ tó wà lára bọ́ọ̀dù inú kọ̀ǹpútà ńlá náà, kó máa bá iṣẹ́ mìíràn lọ. Tí ẹ̀rọ bá ṣe tán, á wá jíṣẹ́. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n ní ìlà kejìdínlógóje, tí ẹnikẹ́ni bá pa kọ̀ǹpútà kékeré kan, kóòdù á gba àyè rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, á gbé e fún ẹlòmíràn, kò sì ní bi ẹ̀rọ bóyá ó ti ṣe tán. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan lè balẹ̀ sáàárín ti ẹlòmíràn.

Ó dán an wò. Kò sí nǹkan kan. Ó tún un dán wò, kò sí. Inú rẹ̀ ti fẹ́ máa dùn. Nígbà tó di ìgbà kọkànlélógún, dátà bọ́ sí àyè ẹlòmíràn, gbogbo rẹ̀ sì dúró gbagidi.

Kíámọ́sá ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré nínú ìgbà mọ́kànlélógún, ṣé ìyẹn náà wá di ẹjọ́? Kó fọwọ́ sí i, kí Bàbá rọra tún un ṣe tó bá dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àìfàgbà fẹ́nìkan ni kò jẹ́ káyé ó gún, ló fi kún un. Obìnrin náà pẹ̀lú ti rò ó bẹ́ẹ̀, ojú sì ń tì í.

Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wọ yàrá Bàbá lọ.

"Bàbá, ẹ má bínú. N ò lè fọwọ́ sí i."

Bàbá ò bínú. Ì bá sàn ká ní wọ́n bínú. Wọ́n ní kó jókòó, kó ṣàlàyé. Ó ṣàlàyé: kọ̀ǹpútà tí wọ́n pa, ẹ̀rọ tó ṣì ń dàkọ, àyè tó ti di ti ẹlòmíràn.

"Tún un sọ," ni Bàbá wí.

Ó tún un sọ. Bàbá mi orí bí ẹni tó gbọ́, ṣùgbọ́n ìlà mìíràn ni ojú wọn wà.

"Tún un sọ, ọmọ mi. Rọra sọ ọ́."

Ó wá bébà tó máa yàwòrán sí, ìgbà náà ló rí ìwé tó wà lórí tábìlì. Bàbá ti fọwọ́ kọ orúkọ gbogbo ẹ̀yà kóòdù náà síbẹ̀, pẹ̀lú ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe, kóòdù tí Bàbá fúnra wọn kọ́kọ́ kọ lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn, tí wọ́n máa ń kà lórí fún àwọn ọmọṣẹ́ láìwo ìwé. Ó wá yé e: Bàbá ti ń gbàgbé.

Bàbá rí ibi tí ojú rẹ̀ wà. Wọn ò bo ìwé náà.

"Mo mọ̀ pé Kíámọ́sá á fọwọ́ sí i," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo ní kí wọ́n fi ọ́ ṣe ẹnì kejì."

Aago méjìlá ti kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ níwájú wọn, ó kọ ọ́ sábẹ́ iṣẹ́ náà, níbi tí ọ̀gá àti gbogbo ilé iṣẹ́ ti máa rí i, pé ẹ jọ̀ọ́, kóòdù yìí kò tíì ṣe é lò. Bàbá tẹ̀ síwájú, wọ́n ń kà á tẹ̀lé e.

"Yọ 'ẹ jọ̀ọ́' yẹn kúrò," ni wọ́n wí. "Ọ̀rọ̀ aláìsàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀."

Ó yọ ọ́. Ó pẹ́ tí Bàbá ti ń wá ẹni tó máa dá wọn dúró kí àṣìṣe wọn tó pa ẹnìkan lára, wọn ò sì rí ẹlòmíràn tí wọ́n lè gbé iṣẹ́ yẹn lé lọ́wọ́. Omi dà lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó fi ránṣẹ́.