Ìdọ̀bálẹ̀ Baba Fálẹ́yẹ

Ká má parọ́, ṣọ́ọ̀kì ti sú Ẹniọlá Akínlabí. Ó ti kọ́ ọmọ ní Ìkẹ́rẹ́ títí, àwọn tó kọ́ ní ábídí ti ń fa ọmọ tiwọn lọ́wọ́ wá bá a, síbẹ̀ ibi tó wà náà ló ṣì wà. Bó ṣe forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ láti ọ̀nà jíjìn nìyẹn, irú èyí tí èèyàn ń jókòó sílé fi fóònù kọ́, kó lè di ọ̀gá tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá. HR ni wọ́n ń pè é. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ní ìyá ọlọ́mọ tún padà di akẹ́kọ̀ọ́. Ẹniọlá ń wò wọ́n níran ni. Tó bá ń fọ abọ́, a máa dá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́: “Ẹ jókòó, sà. Ilé iṣẹ́ ti gbọ́ tẹnu yín.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn lẹ́nu.

Iṣẹ́ àṣetiléwá tó kẹ́yìn ni pé kí olúkúlùkù wọn ya fídíò bó ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀. Wọ́n lè fi ṣe eré, ṣùgbọ́n kó jọ òótọ́. Olùkọ́ wọn, tí wọn ò rí rí bí kò ṣe nínú fóònù, kì wọ́n nílọ̀ gidigidi. Ó ní ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ kì í bínú, kì í sì í ṣojúsàájú. “Tí òṣìṣẹ́ bá ń sunkún, ẹ fún un lómi mu, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Ẹ má ṣe kúrò lórí àga yín.”

Ẹniọlá gba ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ lọ, Gbénga, tó ní ilé búrẹ́dì lójú ọ̀nà Ìsẹ̀.

Gbénga ní, “Sísítà mi, ìyẹn ò le. Ẹ lo Baba Fálẹ́yẹ tó ń ṣọ́ géètì. Baba yẹn ò lè tètè dé ibi iṣẹ́ láéláé. Ẹjọ́ ti wà nílẹ̀.”

“Ṣé o máa sọ fún Baba pé eré ni?”

“Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi.”

Ẹniọlá sì fi í sílẹ̀ fún un. Ẹni tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń bójú tó òṣìṣẹ́ kò lè rìn dé ẹnu géètì lọ bá òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo sọ̀rọ̀. Ẹ wò ó bí ìmọ̀ ṣe ń ṣe èèyàn.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n gbé tábìlì sí yàrá tí wọ́n ń kó ìyẹ̀fun sí. Bọ́lárìnwá, ọ̀kan nínú àwọn tó ń po ìyẹ̀fun, ló ń fi fóònù ya fídíò. Àwọn yòókù tò sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fọwọ́ bo ẹnu. Baba Fálẹ́yẹ wọlé, ó ti ṣí fìlà sọ́wọ́. Ẹniọlá bi í ní ìbéèrè wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, baba náà sì ń fèsì: ẹsẹ̀ ń dun ìyàwó òun, òun lòún ń pọnmi kóun tó jáde nílé, láti ìlú Orun sì ni òun ti ń wá ọ̀kadà. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹniọlá ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé, baba yìí mọ eré ṣe o! Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé ilé iṣẹ́ ti gbọ́ tẹnu rẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ti parí níbẹ̀ láti òní lọ.

Baba Fálẹ́yẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó na gbogbo ara sílẹ̀ lórí símẹ́ǹtì, ìyẹ̀fun sì kùn ún ní irùngbọ̀n.

“Ẹ ṣàánú mi, ọmọ mi. Ẹ má jẹ́ kí uṣẹ́ yìí bọ́ lọ́wọ́ mi.”

Nílẹ̀ wa, àgbà kì í dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé kí ọmọdé jókòó tẹtẹrẹ, kódà bó ṣe eré ni. Ọmọ tí wọ́n bá kọ́ nílé á ti fò dìde, á ti wólẹ̀: “Háà, Baba, ẹ fẹ́ pa mí ni!” Ẹsẹ̀ Ẹniọlá tiẹ̀ yẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó rántí olùkọ́ rẹ̀, ó sì fìdí mọ́lẹ̀. Ó bu omi sí ife, ó gbé e sétí tábìlì.

“Ẹ mu omi, sà. Ìpinnu ilé iṣẹ́ kò yí padà.”

Baba wà nílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó rí i pé kò sẹ́ni tó máa ní kí òun dìde, ó fọwọ́ ti ilẹ̀, ó gbé ara rẹ̀ nílẹ̀, ó sì fẹ̀yìn rìn jáde. Ẹniọlá ti ń wá ibi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára kó lè fi fídíò ránṣẹ́. Ó ní òun á kí baba náà lọ́jọ́ mìíràn.

Kò pẹ́ tí èsì fi dé. Kò sẹ́ni tó gba máàkì tó tirẹ̀. Olùkọ́ náà yìn ín, ó ní ibi tí òṣìṣẹ́ ti dọ̀bálẹ̀ tí Ẹniọlá kò sì mì ló wú òun lórí jù, òun sì ti fi han gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n lè fi kọ́gbọ́n. Ẹniọlá jó yíká ilé. Ó ra mọ́ọ̀tì àti bisikíìtì, ó gbé e lọ sí ilé búrẹ́dì láti fi dúpẹ́.

Ọkùnrin mìíràn ló ṣí géètì fún un.

“Baba Fálẹ́yẹ ńkọ́?”

Gbénga họ orí. “Baba ò padà wá látọjọ́ yẹn. Ṣé ẹ rí i, n ò sọ fún Baba pé eré ni, kó lè jọ òótọ́. Mo ní tó bá dọ̀la, gbogbo wa á jọ fi rẹ́rìn-ín. Mo pè wọ́n, wọn ò gbé e.”

Ẹniọlá jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun, ó sì tan fídíò tó ti ń fi yangàn. Ó rí arúgbó kan nílẹ̀, ó rí obìnrin kan lórí àga tó ń ti ife omi sún mọ́ ọn. Ojú tì í débi pé ó dojú fóònù bolẹ̀. Ìyá tó bí i, tó bá wà láyé, kò ní gbà pé òun lòún bí i.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ mọ́tò dé Ìsẹ̀, ó sì gun ọ̀kadà dé Orun. Baba Fálẹ́yẹ ń ṣe ẹ̀rú ọkọ́ lẹ́yìn ilé, ìyàwó rẹ̀ na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún sórí àpótí. Bí baba ti rí i, ó sáré gbé àga, ó fi fìlà nù ún.

“Ọ̀gá, ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó.”

Ẹniọlá kò jókòó. Ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀.

Ìyàwó Baba pariwo. “Mo sọ ọ́! Mo ní ẹni tó fara balẹ̀ gbọ́ tẹnu rẹ báun, tó tún fún ẹ lómi, kò lè gbàgbé rẹ.” Ó kọjú sí Ẹniọlá: “Wọ́n ní kó padà sẹ́nu uṣẹ́, àbí?”

Ó hàn gbangba pé ohun tí baba náà fi ń rẹ ara rẹ̀ lẹ́kún nìyẹn: pé wọ́n lé òun lóòótọ́, àmọ́ ọ̀gá tó mọ̀wé ló gbọ́ ẹjọ́ òun, kò sì bú òun.

Ó ní, “Baba, iṣẹ́ yín kò bọ́ rárá. Eré ni a ṣe. Ìdánwò mi ni. Mo rò pé Gbénga ti sọ fún yín.”

“Eré?”

“Eré ni, sà.”

“Àwọn ọmọ tó dúró sẹ́nu ọ̀nà un, wọ́n mọ̀?”

“Wọ́n mọ̀, sà.”

Baba dé fìlà, ó tún ṣí i. Ẹniọlá bẹ̀ ẹ́, ó sunkún, ó ní Gbénga fúnra rẹ̀ ń bọ̀ wá tọrọ àforíjì, kó sáà padà.

“N kò lè padà síbẹ̀ mọ́. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Eléyìí tí wọ́n ń yà ńkọ́? Ṣé o ti pa á rẹ́?”

Ẹniọlá fẹ́ parọ́, ẹnu rẹ̀ kò gbà. “Olùkọ́ mi ti fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yòókù, sà.”

Baba Fálẹ́yẹ ká fìlà rẹ̀ sọ́wọ́. Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú.

“Ṣé o yege?”

“Mo yege, Baba.”

Ó wọlé lọ, ó sì gbé odidi iṣu kan jáde. Ó fọwọ́ nu erùpẹ̀ ara iṣu náà.

“Uṣẹ́ kékeré kọ́ ni ìwé kíkà fún abiyamọ. Gbà, fi uṣu yìí ṣe ìdúpẹ́ fún Ọlọ́run.”

Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń pẹ̀gàn; baba náà ń bá a yọ̀ ni. Ẹniọlá na ọwọ́ méjèèjì láti orí ìkúnlẹ̀ tó wà, ó gba iṣu náà.