Àmì Orí Ọ̀run

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ bí ìtìjú Inúmidùn ṣe tó, kó lọ bi àwọn ọlọ́kadà Odigbo. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń gbé e lọ sí Ore láràárọ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ ohùn rẹ̀. Yóò nawọ́ sí ọ̀nà Ore, yóò gun ọ̀kadà, yóò di báàgì rẹ̀ mú bí ẹni gbé ẹyin, ó parí. Àwọn kan tilẹ̀ rò pé odi ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnu rẹ̀ ṣe wúwo tó, bẹ́ẹ̀ ni etí rẹ̀ ṣe fúyẹ́. Ilé ló ti kàwé. Bàbá rẹ̀, Fọlárìn, tó ń tún rédíò ṣe, ló kọ́ ọ ní ìṣirò àti gẹ̀ẹ́sì lórí tábìlì tí wáyà kún bí eèsún. Ìyá rẹ̀, Hannah, tó ń fún epo ní Ajue, ló fi òwe àti ọgbọ́n oko kún un. Níbi tí àwọn àgbà bá ti ń sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni Inúmidùn máa ń jókòó sí. Kò ní dá sí i, kò sì ní gbàgbé.

Iṣẹ́ rẹ̀ ní Ore ni ìtọ́jú kọ̀ǹpútà ilé àdúrà wọn, ìjọ aládùúrà tó wà lẹ́yìn gáréèjì. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni, ògbólógbòó tí bàbá rẹ̀ fi ara kọ̀ǹpútà mẹ́ta tó kú tò jọ tó fi jí. Linux ni ètò tó ń darí rẹ̀, irú èyí tí kì í dúró de ọdún méjì-mẹ́ta kí wọ́n tó tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí àtúnṣe má wọlé láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yà ètò márùn-ún lónìí, ẹ̀yà ogún ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí Bàbá Ọlọ́rundáre, olórí àwọn àgbà ìjọ, bi í pé kí ló dé tí ẹ̀rọ náà kò fi lè sinmi, Inúmidùn ronú títí kó tó fèsì.

"Bí oko kòkó yín náà ni, Bàbá. Ẹ kì í gé gbogbo igi lulẹ̀ kí ẹ tó gbin òmíràn. Èyí tó bá gbó lẹ ń yọ, ẹ ó fi ọ̀dọ́ sípò rẹ̀. Oko kì í ṣófo."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ó yé mi wàyí. Ṣùgbọ́n rántí o, ọ̀dọ́ igi mìíràn máa ń gbé kòkòrò wọ oko."

Iṣẹ́ ńlá tó wà nílẹ̀ lọ́dún náà ni ìwé orin Ìyá Motún. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni Màmá, ọgọ́fà orin ló sì ti bọ́ sí wọn lẹ́nu nínú àdúrà láti ogójì ọdún wá. Ìkankan kò sí nínú ìwé, orí ni gbogbo rẹ̀ wà. Oṣù mẹ́rin ni Inúmidùn fi jókòó tì wọ́n. Màmá ń kọrin, òun ń tẹ̀ ẹ́, tòun ti àmì ohùn lórí gbogbo ọ̀rọ̀. Màmá ló ní kó rí bẹ́ẹ̀. "Ọma mi," ni wọ́n wí, "orin tí a kọ sílẹ̀ láì fi àmì sí i, igbe ni. Mò ń lọ. Ẹni tí kò rójú mi rí tó bá ṣí ìwé yìí, kó gbọ́ ohùn mi níbẹ̀."

Ọjọ́ Ẹtì, aago méjìlá ọ̀sán, ni ìwé gbọ́dọ̀ wọ ilé ìtẹ̀wé, kó lè jáde ṣáájú ìkórè. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Inúmidùn gba àtúnṣe ọ̀sẹ̀ náà sórí kọ̀ǹpútà bó ti máa ń ṣe, ó sì jókòó, ó fi eré tẹ orin mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó kù. Kò gbójú sókè. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ ju ojú rẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, àwọn àgbà péjọ kí wọ́n gbọ́ ìwé náà kó tó kúrò nílé. Lawrence ni wọ́n ní kó kà á. Lawrence ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré létí gáréèjì, ohùn rẹ̀ sì ń dún bí agogo. Ó ka orin méjì, ó ka mẹ́ta nínú àwọn ti tẹ́lẹ̀, ó wá kan èyí tí gbogbo ìjọ fẹ́ràn jù.

"'Ibodè ọrùn ṣí fún mi...'" Ó dúró. Ó fa bébà náà súnmọ́ ojú. "'Ibodè ọrùn.' Ohun tí wọ́n kọ síbí nìyẹn o."

"Ọrùn ta ni?" ni Ìyá Motún bi í. "Ṣé wọ́n ń dúńbú ẹran ní ọ̀run ni?"

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Lawrence ń kà á lọ, ẹ̀rín ń le sí i. "'Mo gbójú sókè wo ọrùn.' 'Bàbá mi tí ń bẹ ní ọrùn.' Háà, Màmá, Bàbá ti gorí ọrùn!" Kódà Bàbá Ọlọ́rundáre ń fi fìlà nu omi ojú. Ìyá Motún nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ wọn wà lórí itan, wọ́n ń wo bébà náà bí ẹni pé òkú ọmọ ni wọ́n gbé kalẹ̀ níwájú wọn.

Inúmidùn fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

"Mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀," ni Lawrence wí. "Àmì ló ń fa gbogbo wàhálà yìí. Sista Inú, má bínú sí mi o, ta ló ń wo àmì? Gbogbo wa la mọ orin náà. Ẹ gbé e fún mi, màá tẹ̀ ẹ́ ní gbẹrẹfu, kó tó di ọjọ́ Ẹtì mo ti parí."

Bàbá Ọlọ́rundáre kọjú sí ọmọbìnrin náà. "Inú, ṣé apá rẹ ká a?"

Inúmidùn wo Ìyá Motún. "Ẹ fún mi di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Bàbá."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n tí kò bá bọ́ sí i ní aago mẹ́wàá, Lawrence ni yóò gbé e lọ láìsí àmì. Ilé ìtẹ̀wé kò ní dúró dè wá."

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, Inúmidùn jókòó síwájú ẹ̀rọ, ó tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Bí a ṣe ń ṣe é ni pé a ó kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnì àmì, a ó wá tẹ lẹ́tà tó máa gbé e. Ó tẹ àmì, ó tẹ ọ. Àmì kò jókòó. Ó tẹ r, kò sí nǹkan. Ó tẹ u, àmì bọ́ lé u lórí gbì! Gbogbo lẹ́tà tó ní ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ ni àmì ń fò kọjá, ó ń lọ bá èyí tí kò lẹ́sẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀run ṣe di ọrùn, bẹ́ẹ̀ ni "ọpẹ́ mi" ṣe di "ọpẹ mí".

Kọ̀ǹpútà náà ní ìwé ìrántí tirẹ̀, ó ń kọ gbogbo ohun tó bá gbà sílẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ̀yà méjìdínláàádọ́ta ló wọlé. Àwọn ògbólógbòó tí wọ́n rọ́pò ṣì wà nínú àká rẹ̀. Inúmidùn dá gbogbo wọn padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀run padà di ọ̀run. Inú rẹ̀ dùn, ó ní kí ẹ̀rọ ṣẹ̀dá fáìlì tí ilé ìtẹ̀wé ń fẹ́, ẹ̀rọ kọ̀ jálẹ̀. Ó wá rántí: àìsàn tó ṣe é ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìyẹn, àtúnṣe ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà ló wò ó sàn. Òògùn àti àrùn jọ wọlé lọ́jọ́ kan náà. Ó gbé gbogbo tuntun padà. Ó wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bóyá ẹlòmíràn ti ké, kò rí ẹnì kankan.

Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ bá a, tó gbé epo wá sí Ore.

"Kí ló dé tí o jókòó bí ẹyẹ tí òjò pa?"

Inúmidùn ṣàlàyé. Hannah kò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀yà kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó tẹ́tí sílẹ̀ dópin.

"Mélòó lo pè é?"

"Méjìdínláàádọ́ta, Màámi."

"Ọ̀kan ṣoṣo ló bàjẹ́ níbẹ̀?"

"Mo rò bẹ́ẹ̀."

"Àfi kó o máa yọ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí di Kérésìmesì." Hannah fi etí gèlè nu ojú. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o kì í jókòó tì wá ní ebu, níbi tí a ti ń fún epo ni? Tí a bá kó kẹ́ẹ̀gì epo méjìdínláàádọ́ta jọ, tí a gbọ́ pé omi wà nínú ọ̀kan, kí la máa ń ṣe?"

Inúmidùn gbójú sókè. Ó ti rí i nígbà àìmọye. Àwọn obìnrin Ajue á pín kẹ́ẹ̀gì sí méjì. Wọ́n á bu ṣíbí kọ̀ọ̀kan nínú ìdajì, wọ́n á dà á pọ̀ sínú páànù gbígbóná. Bó bá ta pàrà-pàrà, omi wà níbẹ̀. Bó bá dákẹ́, apá kejì ló wà. Wọ́n á tún pín apá tó bàjẹ́ sí méjì, títí wọn á fi mú olè.

Ó yí sí ẹ̀rọ. Ó fi ẹ̀yà mẹ́rìnlélógún sílẹ̀ bó ti wà, ó dá ìyókù padà sí ti àtijọ́. Ó pa ẹ̀rọ, ó tàn án. Ó tẹ ọ̀run. Ọrùn ló jáde.

Hannah ti fa àga súnmọ́ ọn, ó jókòó bó ṣe máa ń jókòó nídìí àdógán tí wọ́n fi ń se epo. "Ó ta?"

"Ó ta, Màámi."

"Ibẹ̀ ló wà. Pín in."

Méjìlá. Ọ̀run jáde. "Ó dákẹ́."

"Ó ti sá sí apá kejì. Pín in."

Mẹ́fà. "Ó ta!" Mẹ́ta. "Ó dákẹ́." Ó wá ku mẹ́ta yòókù. Inúmidùn dúró. "Àwọn méjì yìí kò ṣeé yà, Màámi. Bí ọ̀kan bá lọ, èkejì ò ní ṣiṣẹ́."

"Kẹ́ẹ̀gì ẹni kan náà nìyẹn. A kì í yà wọ́n. Dán ẹni tó dá wà wò."

Ó fi ẹyọ kan náà sílẹ̀, ó dá méjì padà. Ó tẹ ọ̀run. Ọrùn! Ẹ̀yà kékeré kan ni, kò ju pé ó ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ kíbọ́ọ̀dù, ó ń gbé e lé ojú ẹ̀rọ.

"Màámi, ó ta! Òun ni!" Ó pariwo débi pé ọlọ́kadà tó wà níta yọjú lójú fèrèsé.

"Yé è," ni ọlọ́kadà wí. "Ó lè sọ̀rọ̀!"

Ẹ̀yà kan yẹn nìkan ló dá padà sí ti àtijọ́, ó sì pàṣẹ fún ẹ̀rọ pé kó má fọwọ́ kàn án. Àwọn mẹ́tàdínláàádọ́ta yòókù dúró ní tuntun. Fáìlì ilé ìtẹ̀wé jáde wẹ́rẹ́. Ó ránṣẹ́ pe Ìyá Motún. Màmá wá, wọ́n tún orin mọ́kànlélọ́gbọ̀n náà kọ látòkèdélẹ̀, Inúmidùn sì ń tẹ̀ ẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ẹ̀rọ.

Ìgbà tí Màmá ń sinmi ni Inúmidùn kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń ṣe ẹ̀yà náà, lókè òkun lọ́hùn-ún. Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́, lẹ́ẹ̀mẹta. Ta ni òun, tí yóò máa sọ fún àwọn ọlọ́gbọ́n ayé pé wọ́n ṣàṣìṣe? Ìyá Motún bi í ohun tó ń dà á láàmú, ó sọ fún wọn.

"Wọ́n ba orin mi jẹ́, o wá ń tijú wọn?" ni Màmá wí. "Fi ránṣẹ́, jàre."

Ó fi ránṣẹ́. Ó kọ pé Odigbo ni òun ti wá, pé ní èdè òun, ọ̀rọ̀ yìí ni ibùgbé Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ẹ̀yà tuntun wọn ti sọ ọ́ di ibi tí à ń so ìlẹ̀kẹ̀ sí. Ó to gbogbo bí òun ṣe pín in sílẹ̀, láti ìgbésẹ̀ kìíní dé ìkẹyìn.

Ní aago mẹ́wàá ọjọ́ Ẹtì, Lawrence tún gba bébà. Ó ka orin mọ́kànlélọ́gbọ̀n láìkọsẹ̀. Bó ti ń kà á, ohùn rẹ̀ ń rọlẹ̀, kò dún bí agogo mọ́. Àwọn àgbà ti ń mi orí, àwọn kan ti ń gbè é lábẹ́lẹ̀. Ìyá Motún dijú. Nígbà tó parí, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé bébà náà fún Màmá.

"Mo túúbá," ni Lawrence wí. "Èmi tí mò ń kà á ni mo rò pé Màmá ló ń kọrin láti inú mi. Sista Inú, wàá wá fi àmì yìí sí kọ̀ǹpútà tèmi o."

Inúmidùn wá sọ fún wọn pé èsì ti dé. Àwọn ará òkè òkun dúpẹ́, wọ́n ní àṣìṣe àwọn ni, àtúnṣe rẹ̀ yóò bá ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wọlé, fún gbogbo ẹni tó ń lò ó níbi gbogbo. Wọ́n ní àwọn ti fi ọ̀run kún àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn á máa dán wò kí àwọn tó gbé tuntun kankan jáde.

Bàbá Ọlọ́rundáre tẹ orí síwájú. "Tún un sọ. Wọn ò ní gbé e jáde láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ rí ọ̀run?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ọmọ Odigbo ló fún wọn lófin yẹn?" Bàbá dìde, ó gbọn agbádá. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ sọ fún Fọlárìn kí ẹlòmíràn tó débẹ̀."

Ó ku ìṣẹ́jú ogún kí aago méjìlá lù nígbà tí Inúmidùn wọ ilé ìtẹ̀wé. Òun nìkan ló lọ. Ọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ gba fáìlì, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó pé. Ó bèèrè orúkọ ẹni tó tẹ ìwé náà, nítorí ojú ewé kejì gbọ́dọ̀ gbé e. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ì bá ti ní kó fi orúkọ ìjọ síbẹ̀.

"Inúmidùn Fọlárìn," ló wí, ó sì sọ ọ́ ketekete.

Ọkùnrin náà tẹ̀ ẹ́ ní gbẹrẹfu, ó fẹ́ kọjá sí ojú ewé kẹta.

"Ẹ má bínú, sà," ni Inúmidùn wí, ó rìn yí tábìlì ká, ó nàka sí ojú ẹ̀rọ. "Àmì wà lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín."