Ibi Tí Abẹ́rẹ́ Ti Ń Fò

Ọkùnrin tó ń ra àlòkù ti dé ẹnu ilẹ̀kùn pẹ̀lú okùn àti àpò ńlá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bàbá náà ti gbé àga síwájú ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnubodè.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde kí wọ́n gbé e," ọmọbìnrin rẹ̀ ní.

"Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí."

"Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ gun àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí?"

"Òun ló fà á."

Oṣù kẹta rèé tí ìyá ọmọ náà ti kú. Láti ìgbà yẹn ni ọmọ ti ń bẹ bàbá pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Yàrá tó ṣètò dè é kò fẹ̀. Kò gbà ju ibùsùn kan, kọ́bọ́ọ̀dù kan àti àpótí méjì lọ. Aṣọ àti bàtà bàbá ti wọ inú àpótí méjì tí wọ́n fẹ́ gbé lọ. Ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù ló kù.

Rẹ́kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni bàbá ń fi sí i lórí. Orin rọ́ọ̀kì ni. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin onírun gígùn dúró níwájú ògiri lára páálí rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì lejú bíi pé ayàwòrán ló gba ìyàwó rẹ̀. Ọmọ ogún ọdún ni bàbá nígbà tó rà á, ó ń kọ́ṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé. Ẹni tó bá ti dúró ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, orin pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kì í wọ̀ ọ́ létí mọ́. Èyí wọ̀ ọ́ létí. Gìtá rẹ̀ ń ha bí irin lórí irin, ìlù rẹ̀ ń mi ilẹ̀ bí ẹ̀rọ ńlá ọ̀gá rẹ̀. Bàbá tó bí i gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó ní orin wèrè ni, pé bó bá pẹ́ títí ọmọ náà á wọjà.

"Bí mo bá wọjà, màá ra tiyín bọ̀," ó dá baba rẹ̀ lóhùn. Ó jẹ ìgbátí lọ́jọ́ náà. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó tún gbé orin náà sí i.

Ọmọbìnrin tó dúró lé e lórí yìí ló ba rẹ́kọ́ọ̀dù náà jẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà náà. Ó nawọ́ sókè, ó wọ́ abẹ́rẹ́ gba àárín orin kejì tó wà lójú kejì kọjá. Láti ọjọ́ yẹn, bí abẹ́rẹ́ bá ti dé ibẹ̀, á fò, gbogbo rẹ̀ á sì pa lọ́lọ́ díẹ̀ kó tó bọ́ sórí orin padà. Bàbá ti gbọ́wọ́ sókè láti na ọmọ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ gbé e pọ̀n. Obìnrin náà dá abẹ́rẹ́ padà sórí orin. Bí ó ti dé ibi tó pa lọ́lọ́, ó fi ohùn ara rẹ̀ dí i: "Mo ti dé, mi ò lọ mọ́."

Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni, kò bá orin náà tan rárá. Bàbá rẹ́rìn-ín, ọwọ́ sì wálẹ̀.

Ó lé ní ogójì ọdún tí obìnrin náà fi dí àlàfo yẹn. Ó lè máa bá ará ilé kejì jà lójú fèrèsé. Bí abẹ́rẹ́ bá ti fò, á dá ìjà dúró, á kọ tirẹ̀, á sì padà sẹ́nu ìjà. Láti ìgbà tó ti kú, ojú kìíní nìkan ni bàbá ń lù. Kò yí i padà rí.

"Ẹ wo èyí," ọmọ náà ní, ó mú fóònù jáde. "Gbogbo orin inú ẹ̀ ló wà níbí. Mo wá a títí mo fi rí i. Kò fò níbì kankan." Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Èmi ni mo bà á jẹ́, Dádì. Mo ti tún un ṣe."

Ó tẹ̀ ẹ́. Orin náà dé ibi tó máa ń fò, ó sì kọjá. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Ìlù lásán ni, gbì gbì gbì gbì, ó tán. Orin ń lọ bí omi inú páìpù, kò sí ibi tí èèyàn lè gbà wọlé.

"Ta ló ní kó o tún un ṣe?"

"Ẹ̀bùn ni mo fi ṣe."

"Mo mọ̀. O ṣeun. Pa á."

Ọkùnrin àlòkù wúkọ́. "Bàbá, fóònù yẹn dáa o. Ẹ lè máa gbé e lọ sí ṣáláńgá."

"Kó o máa gbé tìẹ lọ sí ṣáláńgá. Tèmi ń gbé nínú yàrá."

Bàbá dìde. Ó yí rẹ́kọ́ọ̀dù padà sí ojú kejì, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó gbé abẹ́rẹ́ lé e, ó sì yí ohùn rẹ̀ sókè títí gíláàsì inú kọ́bọ́ọ̀dù fi ń gbọ̀n. Orin kìíní parí. Èkejì bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà mọ ohun tó ń bọ̀. Ó rọra jókòó lórí àpótí kan. Abẹ́rẹ́ fò. Ilé pa lọ́lọ́.

Bàbá kì í kọrin. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé ohùn rẹ̀ dà bí ayùn tó pàdé ìṣó. Ó la ẹnu.

"Mo ti dé, mi ò lọ mọ́."

Ó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, kò sì bá ohùn mu. Gìtá gbà á lẹ́nu rẹ̀, orin ń lọ.

"Ohùn yín burú, Dádì," ọmọ náà ní.

"Ìyá ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ẹ ò wá ní tẹ̀ lé mi mọ́ nìyẹn?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ tán."

Ọkùnrin àlòkù ká okùn rẹ̀. "Ṣé ẹ ò ní nǹkan mìíràn tẹ́ ẹ fẹ́ tà?"

"Àpótí méjì wà níbẹ̀ yẹn," bàbá ní. Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Dìde lórí ẹ̀, kó o bá mi kó aṣọ mi jáde."