Orúnkún Bàbá Ìsàmì

"Ìyá Nenad, ẹ sáà ti sọ pé ẹ ò rántí mọ́," ni Radisav wí, ó sì tún ju ẹran gbígbẹ sẹ́nu. "Ta ló máa bá àgbàlagbà jà nítorí pé ó gbàgbé nǹkan?"

Ìwé tí kóòtù Sarajevo fi pe Stojanka, ìyá Nenad, wà lórí tábìlì láàárín wọn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni wọ́n dá. Wọ́n fẹ́ kó wá sọ ohun tó rí lọ́dún 1992, nígbà tí Radisav wọ aṣọ sójà tó sì wọ́ Hasib tó ń tún aago ṣe, ọmọ Hajra, jáde nílé wọn ní òdìkejì ọ̀nà. Mùsùlùmí ni wọ́n nílé Hajra, Kìrìsìtẹ́nì ni Stojanka àti Radisav, ogun sì ti pín àdúgbò sí méjì. Hasib ò padà wálé. Títí dòní, ìyá rẹ̀ ò rí egungun rẹ̀ sin.

Radisav kan náà ló gbé Nenad lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìsàmì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́dọ̀ tiwọn, bàbá ìsàmì ju ẹbí lọ. Èèyàn lè bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé kóòtù, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń jẹ́rìí lòdì sí bàbá ìsàmì ọmọ rẹ̀. Ìyẹn lọkùnrin náà gbójú lé tó fi jókòó bàkàtà níbẹ̀ tó ń jẹun.

"Ogun ni," ni Vidoje ọkọ Stojanka dá sí i. "Ohun tí wọ́n bá ní kéèyàn ṣe ló ń ṣe."

"Ta ló ní kí wọ́n mú Hasib?" Stojanka bi wọ́n.

"Èmi kọ́ o!" Radisav rẹ́rìn-ín. "Mo kàn fà á lé àwọn sójà ìlú kejì lọ́wọ́ ni. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn ní kóòtù." Ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó ń fọwọ́ ra á. "Ẹ wo ohun tí ogun fún èmi náà. Orúnkún yìí kì í jẹ́ kí n sùn. Níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní Lipovac ni mo ti ṣubú. Òjò ń rọ̀, ilẹ̀ ń yọ̀, ọmọ ọ̀hún tí mo gbé kọ́ èjìká sì wúwo bí àpò sìmẹ́ńtì. Bàbá Nenad, ẹ rọ ọtí sí i."

Vidoje rọ ọtí sí i.

"Ọmọ wo?" Stojanka bèèrè.

Radisav tún bu ẹran jẹ. "Ìyá Nenad, àárín ara wa náà ni. Ta ni mo fẹ́ máa bò ó fún?"

Ó yé Stojanka pé òkú Hasib ló gbé lọ síbẹ̀, ọkùnrin náà sì kó o nírìíra. Ọ̀rá ẹran ń ṣàn lágbọ̀n ọkùnrin náà, kò sì nù ún. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi ń se oúnjẹ ọdún fún un, tó ń rẹ́rìn-ín sí àwàdà rẹ̀. Inú lẹ̀jẹ̀ wà, itọ́ funfun ló ń tu jáde. Ọdún tó kọjá ló tó sọ̀rọ̀ fún obìnrin tó ń wádìí ẹjọ́ náà, ara rẹ̀ sì kó o nírìíra ju ti Radisav lọ.

Ó gbé àwo ẹran kúrò níwájú rẹ̀.

"Ha! Mi ò tíì yó o."

"Ẹ jáde nílé mi. Ẹ ń rùn sí mi."

"Ṣé orí ẹ dàrú ni?" Vidoje pariwo. "Bàbá ìsàmì lò ń lé?"

"Ìwọ náà gbọ́ ohun tó sọ, o sì rọ ọtí fún un."

"Tó o bá dé kóòtù yẹn, má padà síbí mọ́!"

Stojanka mú fóònù rẹ̀, ó sọdá ọ̀nà. Hajra jókòó lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ìyá Hasib, Lipovac ni. Níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta."

Ọwọ́ arúgbó náà dúró. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Radisav ni. Lórí tábìlì mi, tòun ti ẹran mi lẹ́nu."

"Ìwọ náà rí i lọ́jọ́ tó mú un lọ."

"Mo rí i, mà."

"O rí i. Gbogbo àárọ̀ lo sì ń kí mi pé ṣé mo sùn dáadáa."

Stojanka fẹ́ kúnlẹ̀.

"Má kúnlẹ̀ fún mi, mi ò fẹ́ ẹkún ẹ. Ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Pe àwọn kóòtù níbí, kí n fetí ara mi gbọ́."

Stojanka pe Sarajevo. Obìnrin tó ń wádìí ẹjọ́ náà gbọ́ tán, ó ní, "Mà, ọ̀rọ̀ yìí le o. A lè fi orúkọ yín pamọ́, a sì lè ṣe é kí wọ́n má rí ojú yín ní kóòtù."

Vidoje àti Radisav ti jáde, wọ́n dúró sẹ́nu géètì, wọ́n ń wò ó.

"Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́," ni Stojanka wí. "Stojanka Perić ni orúkọ mi. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé Radisav ni bàbá ìsàmì ọmọ mi."

"Sọ ọ́ sókè," ni Hajra wí. "Wọn ò gbọ́ ọ dáadáa lọ́hùn-ún."

Stojanka kọjú sí géètì ilé rẹ̀, ó sì tún un sọ.